Ẹni Tó Ní Òun Ni Èmi-Kọ́

Òwe kan wà tí àwọn ará agbègbè Ìdó-Ìpẹ̀tà fẹ́ràn láti máa pa. Bí ẹnì kan bá ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi ìpàdé, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹbí, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́, àgbàlagbà kan á rọra wúkọ́, á ní: "Ẹni tó ní òun ni Èmi-kọ́, òun kọ́ ni, ẹni tó ní òun kọ́, òun gan-an ni." Ẹni tí wọ́n pa á fún á rọra jókòó. Àlejò tó bá wà níbẹ̀ á máa wo òkè, á máa wo ilẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú òwe náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n para pọ̀ wí ni kò yé e. Báwo ni ẹni tó ní òun ni kò ṣe ní í jẹ́ òun, tí ẹni tó ní òun kọ́ á wá jẹ́ òun? Ẹ má dá a lẹ́bi. Òwe tí a kò mọ ìdí rẹ̀, bí àlọ́ ló ń rí létí. Èyí ní ìdí, ẹ jẹ́ kí n tú u wò fún yín.

Ìdó-Ìpẹ̀tà kì í ṣe ìlú ńlá. Àdúgbò mẹ́rin péré ni, pẹ̀lú igbó kan lẹ́yìn ìlú tí odò wọn ti ń sun. Ìlú náà kò ní ọba. Kì í ṣe pé ọba kan wàjà tí wọn kò tíì fi òmíràn jẹ o. Wọn kò ní in rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́rin tó tẹ ìlú náà dó. Márùn-ún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ṣí wá. Oyè ni wọ́n jà sí níbẹ̀, ìjà náà sì pa àbíkẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n débi pé nígbà tí wọ́n dé ìdí igi ìpẹ̀tà, tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n búra pé kò sí ọmọ àwọn kan tí yóò dìde láé láti wí pé, "Èmi ni mo ni ìlú." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọ Ìdó-Ìpẹ̀tà pé ta ni olórí yín, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àgbà, lẹ́nu ọmọdé: "Èmi kọ́, àwa ni."

Bí wọ́n ṣe wá ń ṣe ìlú náà rèé. Ẹní kan wà tó jẹ́ abala mẹ́rin. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan hun abala kan, wọ́n wá rán wọn pọ̀. Orí ẹní yìí ni àgbà mẹ́rin ń jókòó sí lábẹ́ ìpẹ̀tà, ọ̀kan láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ọjọ́ tí a lè wọ igbó àti ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kàn láti tẹ́ ẹní náà ni wọ́n ń pè ní Atẹ́ní, ọdún méjì ni yóò sì fi tẹ́ ẹ kó tó kan àdúgbò mìíràn. Atẹ́ní ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń gbá ìdí igi. Òun ló ń jókòó kẹ́yìn, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọba lèyí, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, mélòó lẹ ti rí nínú ọba tó ń gbálẹ̀?

Nígbà ayé òyìnbó, ajẹ́lẹ̀ kan ń lọ káàkiri láti kọ orúkọ ọba ìlú kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ibà dá ògbufọ̀ rẹ̀ dúró ní Ìrọ́mi, ìlú ńlá tó wà ní ìtòsí. Òyìnbó náà kò lè dúró dè é, torí ó gbà pé òun náà gbọ́ Yorùbá. Lóòótọ́ ó gbọ́ "ẹ káàárọ̀", ó gbọ́ "omi gbígbóná", ó sì gbọ́ "ọba". Ó bá obìnrin kan tó ń sá èlùbọ́ ní ẹnu ọ̀nà ìlú, ó nàka sí i, ó ní, "Ọba?" Obìnrin náà dá a lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: "Èmi kọ́, àwa ni." Ó bi bàbá kan tó ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, bàbá náà ní, "Èmi kọ́, àwa ni." Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lábẹ́ igi, ó bi wọ́n, gbogbo wọn sì dáhùn pọ̀.

Inú òyìnbó dùn. Kò tíì dé ìlú kan tí àwọn ará ìlú ti fi ẹnu kò báyìí lórí orúkọ ọba wọn. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀, ó mú kálàmù, ó kọ ọ́ pé ìlú náà ni Ìdó-Ìpẹ̀tà, ọba ibẹ̀ ni Èmikọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; òyìnbó kò wo ilé, ó sọ odidi ìlú lórúkọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Àwọn ará ìlú padà sídìí èlùbọ́ àti ewúrẹ́ wọn láìmọ̀ pé àwọn ti di ẹni tó ní ọba.

Ìwé yẹn sùn sínú àpótí ìjọba fún ọdún tó lé ní ogójì. Òyìnbó lọ, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Ìjọba tuntun wá kéde pé òun fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu àwọn ọba ìbílẹ̀, kí àṣẹ wọn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú òfin. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan tó ní ọba nínú ìwé àtijọ́ mú ọba náà wá. Ìlú tí kò bá rí ọba mú wá láàárín oṣù mẹ́ta, a ó fà á lé ọba tó sún mọ́ ọn jù lọ lọ́wọ́.

Gbọ́lágadé ló kọ́kọ́ gbọ́. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìdó-Ìpẹ̀tà, ọmọ Ọdẹ́wùmí ni. Ọdẹ́wùmí ni Atẹ́ní ní ọdún náà, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ wí gbólóhùn kan, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Gbọ́lágadé nìkan ni ọmọ tó kù fún un láyé, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá," Gbọ́lágadé wí lọ́jọ́ tó ti ọ́fíìsì ìjọba dé, "a ní ọba."

Ọdẹ́wùmí bi í pé láti ìgbà wo. Ọmọ rẹ̀ sọ ohun tó rí nínú fáìlì fún un, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà tán nígbà tó gbọ́ ti oṣù mẹ́ta. Olúrọ́mi, ọba Ìrọ́mi, ló sún mọ́ wọn jù. Ìlú kékeré méjì ti wọ abẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìrọ́mi kí wọ́n tó lè pín ilẹ̀ baba wọn láàárín ara wọn. Igbó wọn sì ti di pápá gbalasa, torí ààfin Ìrọ́mi ni àwọn agégẹdú ti lọ tọrọ rẹ̀, kò sí ẹni tó bi onígbó. Bí igbó Ìdó-Ìpẹ̀tà bá lọ, odò á lọ. Bí odò bá lọ, kí ló kù tí wọn yóò máa pè ní ìlú?

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ ẹní lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n wá ẹnì kan fi jọba kíá kí wọ́n lè sinmi. Àwọn kan ní ìbúra kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. N ò ní í purọ́ fún yín, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú ní Ìdó-Ìpẹ̀tà kì í yá. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́rin kò bá tíì gbà, ọ̀rọ̀ kò tíì parí nìyẹn, wọn á ká ẹní títí di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀nà náà dára fún ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti wà fún ogún ọdún. Kò bá ìjọba tó fún ni ní oṣù mẹ́ta mu.

Ní ìjókòó kẹta, Gbọ́lágadé tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un. Ó ní òun kò rí ìjọba tó gbọ́ èdè ẹní rí. "Adé ni èdè tí ìjọba gbọ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dé e, kó fi bo gbogbo wa."

Ìyá Tìjání dá a lóhùn. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rin, ó sì fẹ́ràn láti máa bi ènìyàn ní ìbéèrè kúkúrú. "Ọ̀rọ̀ rẹ ò burú, Gbọ́lágadé ọmọ mi. Ta ni ẹnì kan ọ̀hún?"

Gbọ́lágadé la ẹnu. Ó wo orí igi, ó wo ẹní, ó wo bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò gbé e, ó sì jókòó. Ohun tí kò lè wí lábẹ́ igi, ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọba ló tú àṣírí rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá ló kà á fún Ọdẹ́wùmí: ẹnì kan ti fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Èmikọ́ ti Ìdó-Ìpẹ̀tà, kí àwọn àgbà ìlú wá jẹ́rìí sí i ní gbọ̀ngàn kọ́ọ̀tù. Ó wá ka orúkọ ẹni náà. Ọdẹ́wùmí ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé.

"Ṣé ìwọ lo kọ orúkọ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn dun Ọdẹ́wùmí létí ju bí ọmọ náà ṣe rò lọ. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Gbọ́lágadé kò dúró dè é.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Bàbá? Ẹ̀yin ń ká ẹní, Olúrọ́mi ń ká ilẹ̀. Ìgbà tí ẹnu yín bá fi máa kò, igbó á ti tán. Kì í ṣe torí ara mi ni mo ṣe fẹ́ oyè náà."

"Mo mọ̀," Ọdẹ́wùmí wí. "Àwọn márùn-ún tó jà nígbà náà, kò sí èyí tó fẹ́ ẹ torí ara rẹ̀ nínú wọn."

Gbọ́lágadé padà sí ilé-ìwé. Bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú yàrá, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín bó ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ tó jókòó sórí àga ọba, tí àwọn ènìyàn ń kí i ní kábíyèsí, àyà rẹ̀ sì wú. Àwọn àgbà kúkú wí i pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í pé inú òun dùn. Òun ni Atẹ́ní. Bí òun bá jẹ́rìí sí ọmọ òun, ọmọ òun á jọba, igbó á sì bọ́ lọ́wọ́ Olúrọ́mi. Bí òun bá sì takò ó, ọmọ òun á di òpùrọ́ lójú ìjọba, ìlú á sì di ìlú tí kò ní ọba, èyí tí Olúrọ́mi kàn ń dúró dè. Ọ̀nà méjèèjì korò, ó sì ní láti tọ ọ̀kan.

Ó lọ bá àwọn mẹ́ta yòókù, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí òun yóò wí fún òun. Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò tíì fẹnu kò. Ìyá Tìjání ló wá wí pé, "Èyí tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí, má sọ ọ́. Èyí tí a ti fẹnu kò lé lórí látayébáyé, òun ni kí o sọ."

Ọjọ́ pé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan náà pẹ̀lú Gbọ́lágadé, torí ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń ná ọ̀nà yẹn. Gbọ́lágadé wọ agbádá funfun, ó fi aṣọ di fìlà ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n wọ́n, ó ń fi ọwọ́ kan di ìdì náà mú, ó ń fi ọwọ́ kejì di bàbá rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Kò sí ẹni tó bá a jà nínú ọkọ̀. Ìyá Tìjání tilẹ̀ fún un ní obì.

Olóyè Adéjùmọ̀bí, agbẹjọ́rò àgbà, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti gbọ́ ẹjọ́ ọba mọ́kànlá ṣáájú tiwọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ṣí fáìlì. Òyìnbó tó kọ ọ́ kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí náà bí ẹni ń pe orúkọ ará ìlú òkèèrè ni Alága ṣe pè é.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé Émíko ni oyè ọba Ìdó-Ìpẹ̀tà. Ta ni Émíko?"

Gbọ́lágadé dìde, ó dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ó pe orúkọ náà bí Alága ṣe pè é, kò tún un ṣe. "Èmi ni."

Olóyè kan wà níbẹ̀ tí Olúrọ́mi rán wá. Òun náà dìde, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹnì kan kò rí ọba ní Ìdó-Ìpẹ̀tà rí. Alága ní kó jókòó. Ó yíjú sí Ọdẹ́wùmí, ó bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá òun náà ń du oyè ni, àbí òun wá jẹ́rìí.

Ọdẹ́wùmí fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀ ń béèrè olórí Ìdó-Ìpẹ̀tà lọ́wọ́ mi," ó wí. "Èmi kọ́, àwa ni."

Bírò Alága dúró. Ó wo fáìlì, ó wo bàbá. Ó mi ẹnu jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Tìjání, ó bi í ní ìbéèrè kan náà, màmá náà ní, "Èmi kọ́, àwa ni." Ó bi ẹni kẹta, ó bi ẹni kẹrin. Ìdáhùn kan náà ni. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ti wá gbọ́ ohun tí òyìnbó kò gbọ́.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn láti ìdí ògiri lẹ́yìn, ó ń bọ̀ wá síwájú bí ó ti ń yé àwọn ènìyàn. Gbọ́lágadé nìkan ló dúró gbọn-in láàárín ẹ̀rín náà pẹ̀lú fìlà ìlẹ̀kẹ̀ lórí. Ó dun Ọdẹ́wùmí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn ún dé egungun.

Olóyè Ìrọ́mi tún ti dìde. Ó ní òun dúpẹ́, àwọn fúnra wọn ti jẹ́wọ́ pé àwọn kò ní ọba, kí Alága kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Alága kò kọ ọ́. Ó bi Ọdẹ́wùmí pé bí wọn kò bá ní ọba, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé. Ọdẹ́wùmí sọ ti ẹní fún un, ó sọ ti igbó, ó sọ ti ẹjọ́ ilẹ̀. Kò yá a lẹ́nu, ó ń dúró láàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alága kò kán an lójú. Nígbà tó parí, Alága yíjú sí olóyè Ìrọ́mi.

"Láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú, olóyè, ẹjọ́ Ìdó-Ìpẹ̀tà mélòó ló ti dé ààfin yín?"

Olóyè náà ro ó, ó ní òun kò rántí ọ̀kan.

"Kí ló fà á?"

"Wọ́n máa ń parí rẹ̀ fúnra wọn ni."

"Ó dáa," Alága wí, ó sì kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan ṣì kù, Alága kò sì fi pamọ́. Ìwé ìjọba ní oyè kan wà. Ẹnì kan dúró síwájú rẹ̀ tó ní òun ló ni ín. Bí ẹni náà bá di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, òfin kò fún Alága lágbára láti fi ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ẹní. Ó ní òun yóò bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tó bá sì wí ni òun yóò kọ.

"Ọ̀gá ilé-ìwé," ó wí, ó sì pe orúkọ náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, "ṣé ìwọ ni Èmi-kọ́?"

Gbọ́lágadé mọ̀ pé bí òun bá wí bẹ́ẹ̀ ni, adé ti délé. Ó wo bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Ọdẹ́wùmí ń wò. Kò bẹ ọmọ rẹ̀, kò sì bínú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Òun ni Atẹ́ní, òun ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Gbọ́lágadé ṣí fìlà ìlẹ̀kẹ̀ lórí.

"Èmi kọ́," ó wí. Ó yíjú sí àwọn àgbà mẹ́rin. "Àwa ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin, Ìyá Tìjání sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà kò mọ ohun tí yóò kọ mọ́. Ọkùnrin tó máa ń ṣe nǹkan létòlétò ni, ìlà kan sì wà nínú ìwé rẹ̀ tó ṣófo. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta wá ni kí n kọ pé ó jẹ́ Èmikọ́?"

Alága gbé awò rẹ̀ padà sójú. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Ẹni tó ní òun ni Èmi-kọ́, òun kọ́ ni. Ẹni tó ní òun kọ́, òun gan-an ni. Kọ orúkọ àwọn márààrún."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn gbé e lọ sí ọjà, àwọn ará ọjà gbé e lọ sí oko, ó sì di òwe.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí lẹ́tà ìjọba tó dé. Ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn àgbà ẹní mẹ́rin ló ń ṣàkóso Ìdó-Ìpẹ̀tà bí àṣà wọn ṣe là á sílẹ̀, pé Atẹ́ní ni yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀, àti pé kò sí ọba ìlú mìíràn tó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ àti igbó wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Wọn kò fún wọn ní ọ̀pá àṣẹ. Níbi tí àwọn lọ́balọ́ba bá ti péjọ, ẹ̀yìn ni àga Atẹ́ní máa ń wà títí di òní, ó sì máa ń dun àwọn ọ̀dọ́ wọn. Ṣùgbọ́n igbó wà níbẹ̀, odò sì ń sun.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, Gbọ́lágadé kà á fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kọ́ọ̀tù rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó ká lẹ́tà náà, ó wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá, ká ní mo wí pé èmi ni lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ̀ bá wí?"

Ọdẹ́wùmí pa orúnkún rẹ̀. "Ǹ bá ṣì wí pé èmi kọ́," ó wí. "Àmọ́ n kì bá lè wí pé àwa ni mọ́."

Gbọ́lágadé wólẹ̀ fún bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, bàbá náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí òwe, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń du ohun tó jẹ́ ti gbogbo wọn, tí ẹ rí ẹni tó ń lu àyà, tí ẹ sì rí ẹni tó ń sún fún ẹlòmíràn lórí bẹ́ǹṣì, ẹ má ṣe ìyọnu púpọ̀ láti mọ ẹni tí ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní òun ni Èmi-kọ́, òun kọ́ ni. Ẹni tó ní òun kọ́, òun gan-an ni.